Ìwádìí Tí Mo Fẹ́ Ṣe Lórí Ọmọ Màláwì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn bí Màláwì ṣe wọ ilé wa ní Arcella, ní Padova, ní Ítálì níbí.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, Démọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Novara, ló pè mí pé òun ti rí ìyàwó. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ ibo ni? Ó ní Màláwì. Mo ní kó tún un pè.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n àwọn òbí wa ti sùn, èmi ni mo dúró bí ìyá fún un, ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í fẹ́yàwó láìṣèwádìí. Ká ní ọmọ Ìlọrin ni, màá ti mọ ẹni tí màá pè. Ta ni mo fẹ́ rán lọ sí Màláwì? Mo ní kó mú un wá, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó mọ̀ pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí mi ò bá gbàdúrà fún.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Mò ń gé chin-chin lọ́wọ́. Chikondi lorúkọ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ìkúnlẹ̀ yé mi, àtẹ́wọ́ wo ni tiẹ̀? Démọ́lá ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ó dáa.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Níbo gan-an nilẹ̀ yín? Ó fi ìka yà á sínú fúláwà orí tábìlì: ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, adágún omi ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Mòsáńbíìkì tó yí i ká nísàlẹ̀. Wọn ò ní òkun, ṣùgbọ́n adágún yẹn gùn débi pé ọkọ̀ ojú omi ń sùn lójú ọ̀nà. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí ló jọba lé àwọn náà lórí, Nyasaland ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Bàbá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ wa góòlù ní South Africa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá àgbà fi ń sá ẹja létí omi, tó ń retí rẹ̀.

Ṣé ó padà? Ó ní ó padà, sí abúlé ìyàwó rẹ̀.

Abúlé ìyàwó kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí láàrin àwọn Chewa, ẹ̀yà tiwọn: ọkùnrin ló ń lọ bá ìyàwó nílé, ìdílé ìyá ló sì ni ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá lọ́kùnrin ló ń fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun, bàbá àgbàlagbà kan, fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, torí wọn ò tíì gbà.

Wọn ò tíì gbà kẹ̀? Èmi tí mò ń ṣèwádìí, àṣé èmi ni wọ́n ń wádìí!

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo Démọ́lá, ó ti doríkodò, ẹ̀rù ń bà á. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí wọ́n pè é.

Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́ ni bàbá náà ń sọ. Ìlú wo la ti wá? Mo ní Ẹdẹ. Ṣé a lómi? Mo ní a ní odò Ọ̀ṣun. Ṣé ẹja wà níbẹ̀? Mo ní ó wà. Ó wá ní kí ni Démọ́lá máa ń ṣe bí inú bá ń bí i? Mo ní á lọ máa fọ abọ́, títí dórí èyí tó mọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnì, tèmi ti fúláwà lọ́wọ́.

Bàbá ní kí Démọ́lá máa bọ̀ wá kí àwọn, ọmọ àwọn ni.

Chikondi pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, fúláwà bo gbogbo wa.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò ju pé bó o ṣe ń wo ìdílé ẹlòmíràn, wọ́n ń wo tìẹ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ará ibòmíràn ńkọ́, kí ni wọ́n bi yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo múra láti gba ìyàwó, àbúrò mi ni mo fà lé wọn lọ́wọ́.