Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lẹ́yìn tó bá ka èyí, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ti ń bá ara mi jà láti ọjọ́ pípẹ́.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin, ń lọ sí ọdún méje nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́bàá ọkàn, tó yẹ kó dí lẹ́yìn tí mo bí i, kò dí. Bó bá sáré láti ẹnu ọ̀nà wa ní Ìsọlọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi báyìí, á lóṣòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Bí dókítà ọsibítù ìjọba ṣe rí mi, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

"Tíṣà mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Ọmọ tí mo kọ́ ní pírámárì ní Èkìtì ni. Inú mi dùn títí di ìgbà tó mú bíírò láti kọ orúkọ ọmọ mi. Ọwọ́ òsì ló fi mú un.

Mo mọ ọwọ́ yẹn dáadáa. Odidi ọdún kan ni mo fi nà án. Nígbà náà, bí ọmọ bá ń fi òsì kọ̀wé, tíṣà rẹ̀ ni wọ́n ń bú, èmi kì í sì í gba èébú. Mo so ọwọ́ náà mọ́ àga. Mo ní kí gbogbo kíláàsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Dókítà ní kí a mú ọmọ wá lóṣù tó ń bọ̀, òun á dí iṣan náà. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, mà. Bó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló máa bàjẹ́."

Nínú mọ́tò, mo sọ fún ọkọ mi pé ọlọ́wọ́ òsì kankan kò ní la àyà ọmọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé òsì ni wọ́n fi fún un níwèé ẹ̀rí ni?"

Mo gbaná jẹ. Ayé owó epo ni, àwọn èèyàn ń lọ ra bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní ibẹ̀ la ó gbé e lọ. Ọkọ mi mọ ẹnu mi, ó fi mí sílẹ̀.

Irọ́ ni mo pa fún un. N kò bẹ̀rù ọwọ́ òsì. Ojú ló ń tì mí, n kò fẹ́ wà lábẹ́ àánú ẹni tí mo nà.

Mo ra súwẹ́tà pupa ní ọjà Bọ́ládé nítorí òtútù ìlú òyìnbó, mo mú èyí tó tóbi, kó lè dàgbà sínú rẹ̀. Gbogbo adúgbò gbọ́. Ìwé ìrìnnà kò tètè jáde. Nígbà tó jáde, à ń retí lẹ́tà ọsibítù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà á wọ súwẹ́tà nínú ooru ọ̀sán, á ní òun ń lọ Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn ọdún kan, mo wọ̀ ọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ṣì tóbi jù ú bí ọjọ́ tí mo rà á. Ọmọ mi kò dàgbà rárá.

Ọjọ́ náà ni mo gbé e padà tọ dókítà lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ká ní ẹ tètè wá ni, mà."

"Ìwé ni kò tètè jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí, bó ṣe máa ń wí nígbà tí mo bá ń nà án.

Ó fi ọwọ́ òsì yẹn ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é dáadáa. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ó ti di ìyàwó ilé báyìí. Bó bá wá kí mi ní ilé tí a kó lọ ní Òkè-Àfá, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn. Súwẹ́tà pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ wo bí màmá mi ṣe fẹ́ràn mi tó, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ." Á dì mọ́ mi, á ní, "Ẹ ṣé, mà," tòun ti èémí hẹlẹhẹlẹ yẹn.

Mo sì ń gba ọpẹ́ náà. N kò tíì sọ fún un.