Ìyá Ọṣẹ àti Jẹ́sì Tí Kì Í Dọ̀tí

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹnikẹ́ni ò tó nǹkan lójú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin yẹn, ẹ má wulẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì alága. Ẹ gba abẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́fà, kí ẹ máa tẹ̀lé òórùn ọṣẹ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀kùn onírin kan. Ibẹ̀ ni Ìyá Ọṣẹ wà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ti àárín máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, bíríkì méjì ni wọ́n fi tì í lẹ́sẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú yàrá yẹn, kò sì sí kóòṣì tó wá, kò sí alága tó jẹ, tí kò yọ ṣùtì sí.

"Kóòṣì mẹ́sàn-án lojú mi ti rí," ló máa ń wí. "Gbogbo wọn ló níwèé ẹ̀rí. Kò sí ọ̀kan tó lè fọ ìbọ̀sẹ̀ ara ẹ̀ kó mọ́."

Ìdọ̀tí ni Ìyá Ọṣẹ gbójú lé ní tiẹ̀. Kó tó da ọṣẹ sómi, á kọ́kọ́ tẹ́ jẹ́sì kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì gígùn, á tẹjú mọ́ ọn bí adájọ́. Ẹni tó bá du bọ́ọ̀lù, ẹrẹ̀ á wà níbàdí aṣọ ẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú tó dìde, koríko á ti pa orúnkún ṣòkòtò ẹ̀ láró. Ẹni tó bá sáré, òógùn á gbẹ sábẹ́ abíyá ẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ á funfun. Ẹnu lè parọ́, ló máa ń wí, aṣọ kì í parọ́. Ó gba ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ yìí gbọ́ débi pé láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì jókòó wo ìdíje kan rí. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lókè, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, á máa gbọ́ ẹsẹ̀ òǹwòran lórí àjà, á máa dúró de àpò aṣọ.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò?" ni á wí. "Ṣebí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá mi."

Ọdún tí mo ń sọ yìí, nǹkan ò rọgbọ rárá. Ẹgbẹ́ méjìlá ló wà nínú líìgì, méjì tó bá gbẹ̀yìn ni á já sí ìpele kejì. Ìdíje mẹ́rin lọ, tiwa ò borí ẹyọ kan. Ni alága bá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn. Alága yìí, ẹ jọ̀ọ́, òun ló béèrè lọ́dún tó kọ́kọ́ dé pé kí ló dé tí wọ́n ń jẹ́ kí aṣọ́lé máa fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù. Ó dìde, ó tún táì ẹ̀ ṣe.

"Bí ẹgbẹ́ yìí bá já, mo pa á rẹ́ nìyẹn," ló wí. "Kí kálukú yáa wá ibòmíràn gbà."

Ìyá Ọṣẹ wò ó láti orí dé bàtà. Olórí burúkú, ló wí sínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ta ni á tún gba arúgbó ọlọ́dún mọ́kànlélọ́gọ́ta síṣẹ́? Owó iṣẹ́ yẹn náà ló fi ń san owó ilé tí òun àti àbúrò ẹ̀ jọ ń gbé.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni kóòṣì kẹwàá ṣèèṣì wọ yàrá ìfọṣọ, níbi tó ti ń wá ibi tí kò sí ariwo láti gba fóònù.

"Màmá, kí lẹ ń wò lára aṣọ?"

"Ọ̀lẹ ni mò ń wò." Ó na jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́jọ sí i. "Ẹ wo eléyìí. Ariwo ló ń gbá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹ ò rí i pé ibi ọrùn tó fi ń pariwo nìkan ló dọ̀tí?"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi nọ́ńbà mẹ́jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì borí pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo. Ó padà wá. Ìyá Ọṣẹ tún fi nọ́ńbà mẹ́rin hàn án, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún borí. Láti ìgbà náà, ọkùnrin tó fi gíláàsì bo ìwé ẹ̀rí ẹ̀ lára ògiri wá di ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́fà pẹ̀lú bírò àti ìwé, tó ń bi alágbàfọ̀ léèrè ẹni tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbà mí o! Bó bá ti jáde báyìí, Ìyá Ọṣẹ á yínmú tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlá lo fi sọ̀rọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, kẹ́nì kan wá máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ló tún kù?

Ẹnì kan wá wà tí Ìyá Ọṣẹ kórìíra aṣọ ẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni, ọmọ tuntun tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bọ́ọ̀lù náà. Jẹ́sì ọmọ yìí kì í ní àbàwọ́n kankan. Ó máa ń tutù o, ó tiẹ̀ máa ń rin gbingbin ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ò sí, iyọ̀ òógùn ò sí.

"Omi ló ń dà sára," ni Ìyá Ọṣẹ wí, "kó lè máa dán lójú èèyàn." Ló bá sọ ọ́ ní Ìyàwó. "Ẹ rọra o, ọ̀nà ilé ọkọ ló wà. Ẹ má jẹ́ kí eruku fẹ́ sí i."

Orúkọ náà mọ́ ọmọ náà lára. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tún ní òun ló máa ń jáde kẹ́yìn nílé ìwẹ̀, tí dírẹ́bà á máa fun fèrè ọkọ̀ títí. "Ẹ ò rí nǹkan," ni Ìyá Ọṣẹ wí. "Dígí ló ń wò." Bí ọmọ náà bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú wàhálà wa." Imú ni Ìyá Ọṣẹ fi ń dá a lóhùn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í pa ìdíje kan jẹ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń jẹun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí ẹ ń bú yẹn, òun ló ń sáré jù níbẹ̀."

"Ìwọ tó o máa ń sùn nídìí ọkọ̀, kí lo rí?"

"Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti wò ó rí?"

Ìyá Ọṣẹ pòṣé. Ó kó àwo, ó pòṣé náà dé ilé ìdáná.

Ìgbà tó ku ìdíje kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti ṣe kedere: bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n dúró, bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ó parí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Kóòṣì sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Màmá, alága ní kí n yọ ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Ta ni kí n yọ?"

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Ọṣẹ mọ òwe yẹn dáadáa, ó ti fi bá ọ̀pọ̀ èèyàn wí.

"Ẹ yọ Ìyàwó," ló wí. Kóòṣì kọ ọ́ sílẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìdíje. Ọkàn Ìyá Ọṣẹ ò balẹ̀, nítorí bí wọ́n bá já, òun náà já nìyẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ó ti ilẹ̀kùn onírin, ó gun òkè, ó jókòó ti àbúrò ẹ̀. Kí wọ́n tó lọ sinmi, wọ́n ti gbá góòlù kan sínú àwọ̀n tiwa. Ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò Ìyàwó dúró bí òpó iná, bọ́ọ̀lù ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ìgbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí ìdíje parí ni Kóòṣì tó sọ pé kí Ìyàwó wọlé.

Ọmọ náà ò tíì pé ìṣẹ́jú kan lórí pápá tó fi ìbàdí yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni tó tó o lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó sáré. Wọ́n gbé e ṣubú, ó tún dìde. Ó sáré padà wá ran àwọn ẹlẹ́yìn lọ́wọ́, ó tún sáré lọ síwájú. Ẹrẹ̀ bò ó débi pé nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ ò hàn mọ́. Bọ́ọ̀lù tó gbá kọlu òpó, èkejì aṣọ́lé fi orí ìka gbé e jáde. Ni rẹfirí bá fọn fèrè. Ó parí.

Àbúrò Ìyá Ọṣẹ kàn yíjú wò ó. Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀.

Ìyá Ọṣẹ sọ̀ kalẹ̀. Àpò aṣọ dé, ó tú u, ó kà á. Nọ́ńbà mọ́kànlá ò sí níbẹ̀. Ó gba yàrá ìmúra lọ. Gbogbo wọn ti lọ sídìí ọkọ̀ lọ sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ń dà. Ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ọpọ́n, ó ń fi ègé ọṣẹ kan bó jẹ́sì ẹ̀ nínú omi tútù, ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ sínú ihò.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ náà ta gìrì, ó fi aṣọ pa mọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, mà. Mo ní kí n ṣan ẹrẹ̀ ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ yín ni. Bó bá gbẹ, ó máa ń le."

"Láti ìgbà wo lo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé. Ìyá mi náà, aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ fún èèyàn. Ọṣẹ ti jẹ wọ́n lọ́wọ́ tán. Mi ò lè máa da ẹrẹ̀ lé ẹni tó lè bí mi lọ́wọ́." Ó wo ọwọ́ Ìyá Ọṣẹ, níbi tí awọ ìka ti bó. "Ṣé ohun tí kò dáa ni mo ṣe ni, mà?"

Kò mọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ òun. Ìyá Ọṣẹ gba jẹ́sì náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí padà. Omi ń kán sílẹ̀ lára ẹ̀ títí ó fi dé yàrá ìfọṣọ.

Kóòṣì ti wà níbẹ̀ tòun ti bírò àti ìwé.

"Màmá, inú ń bí alága. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún wa. Kí làwọn aṣọ wí?"

"Ìwọ," ni Ìyá Ọṣẹ wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe ọ̀gá náà ní ìwọ. "Ìwọ tó o dúró létí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ọmọ yìí ń ṣubú nínú ẹrẹ̀ níwájú ẹ, kí lojú tìẹ rí?"

Ọkùnrin náà ń ṣí ìwé ẹ̀ wò.

"Ṣíọ̀!" Ó pòṣé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe Kóòṣì nìkan ló pòṣé náà sí. Ó fi jẹ́sì náà lé orí tábìlì. "Mú bírò ẹ. Kọ ọ́ pé alágbàfọ̀ ni."

"Alágbàfọ̀ wo, Màmá?"

"Mélòó ló wà níbí?"