Ìyá Ará Amẹ́ríkà Tó Ń Fọn Èémí

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn kan ní Peckham nílùú òyìnbó láràárọ̀, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ kejì ní Surrey Quays. Ìyá àgbà kan, ará Amẹ́ríkà, máa ń gba yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀ láti fọn klarinẹ́ẹ̀tì, fèrè dúdú gígùn kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ wọn, ohùn kankan ò jáde, afẹ́fẹ́ lásán ló ń ṣe fùù, fùù. Àánú wọn ṣe mí. Mo kanlẹ̀kùn, mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, ó jọ pé fèrè yín ń jò."

Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fi ìwé orin hàn mí, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn kọ ọ́, pé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ orin tuntun nílùú àwọn, èémí pàápàá orin ni. Ojú ti èmi ọlọ́gbọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pẹ́ níwájú ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n sọ fún mi pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti lé àwọn kúrò lórí ìtàgé, orin yìí làwọn sì máa fi padà. Ohùn gígùn kan ní ìparí rẹ̀ ṣì máa ń já mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi ò sọ tèmi fún wọn: mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì, ọkọ mi sì rò pé èsì ni mò ń retí.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n pè mí sí eré wọn, a ò pọ̀. Wọ́n dé ìdí ohùn gígùn náà, ó já. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo rò pé wọ́n máa di ẹrù wọn. Wọ́n mumi díẹ̀, wọ́n wò wá, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n tún un bẹ̀rẹ̀."

Ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni wọ́n padà sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ohùn náà jáde, ó tínrín, ó ń gbọ̀n, ó sì lọ títí dópin.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ mi kírun tán, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, òun á máa mú àwọn ọmọ lọ síléèwé.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Ìyá náà ti padà sílùú wọn. Bí irú orin yẹn bá dé lórí rédíò, ọkọ mi á fẹ́ pa á. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó parí.