Ìwé Òfìfo Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dìbò báyìí lè má mọ bí ọkàn wa kò ṣe balẹ̀ ní ọdún kẹrin tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ìbò tí a dì ní Bàrígà kò tíì pé ọjọ́ méjì tí ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan tí kò ní nọ́ńbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síwájú ilé Màmá Fásànyà ní Fọlá Àgòrò. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù. Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ náà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé wọ́n jí ìbò wa. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé èmi, aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò Ìlàjẹ, ti fọwọ́ sí ìwé èsì kí wọ́n tó kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ló fi ìbọn kàn mí níhà, ó ní, "Fọwọ́ sí i, kó o máa lọ jẹun."

Mo jẹ́wọ́ fún Màmá láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣèpàdé lórí bí a ó ṣe pe ẹjọ́ ìbò náà. 

"Ta lo tún sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ẹ jẹ́ ká fi í pamọ́. Bí àwọn ará wa bá gbọ́, wọn ò ní bá wa lọ sí kóòtù."

"Ṣé ní kóòtù ni kí wọ́n ti wá gbọ́ ọ? Dìde, jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí a dé ibi ìpàdé, ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú náà ti ṣáájú wa débẹ̀. Méjì nínú àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ dúró sẹ́yìn èrò. Màmá rí wọn, síbẹ̀ ó sọ ọ̀rọ̀ ìwé tí mo fọwọ́ sí náà fún èrò láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má rán ẹnì kan ṣoṣo lọ sí Ìlàjẹ. Mi ò gbọ́. Ẹ̀bi mi ni. Ó ṣeé ṣe ká pàdánù ẹjọ́ yìí nítorí ìwé yẹn."

 Ìyá Bọ́lá, ẹlẹ́ja láti Ìlàjẹ tí àwọn jàǹdùkú dá lápá nídìí àpótí ìbò, dìde.

"Ṣé asán wá ni apá mi tí wọ́n dá, Màmá?"

"Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé kì í ṣe asán."

Ìyá Bọ́lá wò ó, ó wò mí, ó sì padà jókòó. Àwọn kan bínú jáde. Òun kò jáde.

A pàdánù ẹjọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdájọ́, iná sọ nílé Màmá. Láti àárọ̀ ni a kò ti rí ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn mọ́, a sì rò pé ewu ti kọjá. Kí panápaná tó dé, àwọn obìnrin Ìlàjẹ ti ń gbé omi bọ̀, Ìyá Bọ́lá ń fi ọwọ́ kan gbé korobá tirẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà là. Inú rẹ̀ ni Màmá gbé títí ó fi kú.

Mi ò lè sọ fún yín pé a borí. Àwọn tó jí ìbò lo sáà wọn pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá tún pe ìpàdé, ibẹ̀ kò gba èrò, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ohun tó bá sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó dáná sun ilé náà ńkọ́? A mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú un. Ó ṣì ń gbé àdúgbò wa. Bí a bá pàdé lọ́nà, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, èmi náà á sì dá a lóhùn.