Bí Mo Ṣe Gbé Erè Ilé Àna Mi

Ní ayé ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin ṣì ń jókòó sí Òmù-Àrán, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó tó èmi Májẹ́kódùnmí ní gbogbo Rórẹ́. Mo lè kọ ebè títí oòrùn yóò fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ sinmi. Mo tún máa ń fọ́nnu pé kò sí ejò tí n kò lè fọwọ́ pa lára. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ejò kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ kàn rí, òkú ni, ẹlòmíràn ló sì pa á.

Ẹnu yìí ni mo gbé dé ilé Ọ̀jẹ̀túndé ní Òmù-Àrán, nítorí Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ rẹ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe aya. Ìran wọn kì í pa erè, ejò ńlá tí kò lóró. Ọ̀kan ń gbé inú àká wọn, ó ń fi eku ṣe oúnjẹ, Alákàá ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi tó itan mi. Bí mo bá sì ní orí rẹ̀ wà ní Òmù-Àrán nígbà tí ìrù rẹ̀ ṣì ń kọjá ní Rórẹ́, ta ló wà níbẹ̀ tí yóò já mi ní irọ́?

Bí wọ́n bá fẹ́ kó ọkà bàbà tuntun, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wọn ni yóò gbé Alákàá jáde, kí wọ́n lè gbá àká. Bí erè bá kọ̀ ọ́, ilé kọ̀ ọ́ nìyẹn. Sàlàkọ́ ará Bàbáńlá ti gbìyànjú ṣáájú mi. Erè fín mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ó sá, fìlà rẹ̀ ló kù sílẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Má fọwọ́ kan orí rẹ̀ o. Abẹ́ ikùn ni kí o ti gbé e, kí o jẹ́ kó máa wọ́ lórí apá rẹ. Bí o bá fún un mọ́ra, yóò rò pé ọ̀tá ló gbá òun mú."

"Ìwọ náà ń kọ́ ẹja ní ìwẹ̀?"

"Ẹja ẹnu rẹ ni mo ń rí, n kò tíì rí ti odò."

Wọ́n gbé iyán àti okété yíyan sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí a bá jẹun tán, ọmọdé kì í fọ ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú àgbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tó ń wá aya! Mo yó, ṣùgbọ́n Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń fa eegun okété mu bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù sínú rẹ̀. Ara mi kò gbà á mọ́.

"Ẹ jẹ́ n lọ gbé ejò yín kí ẹ tó jẹun tán."

"Ọkọ ọmọ wa, ṣe sùúrù," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń ṣe sùúrù."

Mo wọ inú àká, mo na ọwọ́ tí ọ̀rá okété ṣì ń kán ní ìka rẹ̀. Alákàá yọ ahọ́n, ó tọ́ afẹ́fẹ́ wò. Ejò kì í fi ojú mọ nǹkan tó bí ó ṣe ń fi òórùn mọ̀ ọ́n, òórùn oúnjẹ ló sì gbọ́. Ó hán mi lọ́wọ́, ó wé mọ́ apá mi títí dé èjìká. Igbe tí mo ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Èsìẹ́, wọ́n ń bi ara wọn pé ewúrẹ́ ta ni wọ́n ń pa.

Rẹ̀mílẹ́kún sáré wọlé. Kò fà á lórí rárá. Ó da omi tútù sí i lẹ́nu, ó di ìrù rẹ̀ mú, ó sì ń tú u láti ibẹ̀ wá bí ẹni tú gèlè.

"Ó kọ̀ ọ́," ni Bàbá wí. "Kó máa lọ sílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà mi.

"Bàbá mi, òun kọ́ ni erè bù jẹ," ni Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "Okété yín ni. Ó ń dúró dè yín kó tó fọ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ wo eegun lọ́wọ́ yín!"

Bàbá wo eegun náà títí.

"Ẹ bu omi fún un. Kó tún gbé e."

Mo fi ọṣẹ àti eérú bó ọwọ́ mi bí ẹni bó iṣu. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ láti Rórẹ́ ti gbẹ. N kò lè fún erè mọ́ra, ìka mi kò lágbára. N kò lè fọwọ́ kan orí rẹ̀, n kò tilẹ̀ lè wò ó. Mo kàn ti apá bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, mo dúró. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ le koko, ó ká orí sẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé n kò mira, ó dẹ ara, ó wọ́ gun èjìká mi, ó sì ti orí bọ abẹ́ abíyá mi níbi tó móoru. Mo gbé e jáde.

"Ẹ wo ọwọ́ pẹ̀lẹ́!" ni Bàbá ń kígbe. "Ẹ wo ọmọ jẹ́jẹ́!"

N kò já a ní irọ́. Rẹ̀mílẹ́kún sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ tún aṣọ mi ṣe.

"Orúnkún rẹ ń lu ara wọn."

"Ó hàn?"

"Ó hàn sí gbogbo adìẹ ilé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n o kò jù ú sílẹ̀. Mo lè bá irú rẹ gbé."