Káàdì Tí Mo Yọ Nínú Dúrọ́ọ̀ Màmá Oníwèé

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé ìlú wa ní Ìkọ̀lé. Màmá Oníwèé, tí wọ́n ń tọ́jú ibẹ̀, ni wọ́n máa ń kó o sí igun pẹpẹ gbogbo kí kòkòrò má bàa jẹ ìwé, òórùn náà a sì bá wa délé nínú aṣọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òórùn bẹntiróòlù ló gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ kan sẹ́yìn ilé, ó ń mì bí ẹni tí otútù mú, wáyà gígùn kan sì gba ojú fèrèsé wọlé bọ́ sórí tábìlì tí àwa ọmọdé máa ń jókòó sí. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lórí tábìlì náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, mo sì ti sáré wá ka ìwé mi.

Kí n tètè tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ dáadáa: ìwé ìjọba ni, kì í ṣe tèmi. Ìwé ńlá aláwòrán ni, ó sọ nípa òkun àti àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi tó tóbi jù tí mo tíì fojú rí nígbà náà ni odò tí wọ́n sé ní Ìtapàjí. Nínú ìwé yẹn ni mo ti rí ẹja kan tó ń gbé nínú òkùnkùn, tó sì gbé fìtílà tirẹ̀ síwájú orí. Wọn kì í yá ènìyàn ní ìwé náà lọ sílé. Ojú ewé kan ni mo máa ń kà lóòjọ́, kó má bàa tètè tán.

Ìyá mi ló rán mi débẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń rán jù, ṣọ́ọ̀bù wọn sì kọjú sí ilé ìkàwé. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, èmi gbọ́dọ̀ jáde. "Lọ jókòó sọ́dọ̀ Ìyá Dúpẹ́," ni wọ́n máa ń wí, nítorí orúkọ tí àwọn àgbà ń pe Màmá Oníwèé nìyẹn. "Ó kéré tán, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ tí wàá tẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi á rántí àwọn dúrọ́ọ̀ káàdì ìgbà yẹn. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, tí orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ibi tó wà lórí pẹpẹ wà lára rẹ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ihò ìsàlẹ̀ gbogbo káàdì náà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bàa fa ọ̀kan yọ. Ọwọ́ ni Màmá Oníwèé fi kọ gbogbo wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, kí wọ́n tó mú bírò. Bí wọ́n bá fẹ́ fi káàdì tuntun sí ipò rẹ̀, wọ́n á tú ìdí ọ̀pá náà, wọ́n á rọra pe orúkọ ìwé tó wà lápá ọ̀tún àti ti òsì, bí ìyá tó ń ka ọmọ rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọkùnrin kan tó ti Adó wá, tí kò tíì pé ogójì ọdún, dìde láàárín yàrá. Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ilé ìkàwé Ìkọ̀lé, ti Ọ̀yẹ́ àti ti Ìdó ti di ọ̀kan. Wọn yóò da ohun tó wà lára káàdì ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kọ̀ǹpútà kan náà. Bí ẹnì kan ní Ìdó bá fẹ́ ìwé tó wà ní Ìkọ̀lé, ọkọ̀ yóò wá gbé e ní Ọjọ́bọ̀, kódà ìwé tí a kì í yá ènìyàn.

Bàbá Dírẹ́bà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọn kì í pa ọjọ́ kan jẹ láì wá ka ìwé ìròyìn, gbé awò ojú wọn sókè. "Ọ̀gá, mo mọ àwọn ará Ìdó o. Ará ibẹ̀ ni ìyàwó mi. Wọn ò ní í ka ìwé wa tán kí wọ́n má ya ojú ewé tó dùn níbẹ̀."

"Bàbá, àwọn ará Ìdó ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa yín ná," ni Ọ̀gá wí.

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wá fi kún un pé àwọn ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí àkójọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé bí káàdì Ìkọ̀lé ṣe wà létòlétò yìí, òun kò rò pé wọn yóò wá a jìnnà. Ó wo Màmá Oníwèé. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, mo sì rí i pé inú wọn dùn.

Inú tèmi kò dùn. Mo mọ ohun tí à ń pè ní yíyá. Àbúrò bàbá mi tó ń dáko ní Àsin ti yá ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń fọ́n oògùn sí kòkó, láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kejì. Bí a bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní "ó ń bọ̀ lọ́la." Mo rò ó pé òkun mi ti ń lọ sí Ìdó nìyẹn, yóò sì máa bọ̀ lọ́la títí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kàn àtàrí, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, gbogbo àgbà sì lọ wò ó lẹ́yìn ilé. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀pá náà nígbà púpọ̀. Mo tú u, mo yọ káàdì kan, mo dè é padà. Mo gbé ìwé náà sẹ́yìn àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n dì ní okùn sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, níbi tí eruku ti pọ̀ jù. Èrò mi ni pé ohun tí kò ní káàdì, kọ̀ǹpútà kò ní í mọ̀ ọ́n, ohun tí kọ̀ǹpútà kò bá sì mọ̀, ará Ìdó kò lè béèrè rẹ̀. Mo ki káàdì náà bọ inú àpò ègé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ọkàn mi balẹ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ti kọ gbogbo ìwé tó wọ ilé náà sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà fi káàdì wé ìwé àkọsílẹ̀ náà. Ìwé kan ṣoṣo ni kò ní káàdì. Wọ́n wò ó lórí pẹpẹ, kò sí níbẹ̀.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìwé lọ tí kò fẹ́ kí a mọ̀, káàdì rẹ̀ náà ló máa yọ. Ọmọdé kò lè mọ̀yẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ẹtì ni màá wá kọ ìròyìn mi."

Màmá Oníwèé kì í sọ èdè ìlú wa nínú ilé ìkàwé, Yorùbá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọdé. Ní ọjọ́ yẹn, ahọ́n wọn padà sílé. "Uṣẹ́ ni mo wá ṣe," ni wọ́n wí. "Mi ò gbé nǹkan kan lọ ulé."

Láti ìgbà náà, n kò lè jókòó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti títì. Mo bu ẹ̀bà, n kò jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn. "Ara rẹ kò gbóná," ni wọ́n wí. "Kí ló ń lé ọ kiri?"

Ní ọjọ́rú, oníbàárà kan wá gba bùbá, ó sì mú ìròyìn náà wá. "Ìyá Bọ́lá, ẹ ti gbọ́ nípa Ìyá Dúpẹ́?"

"Mo gbọ́," ni ìyá mi dáhùn. "Ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ìwé sè ni? Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra káfúrà fún un."

"Wọ́n ní ìwé kan ṣoṣo ni."

"Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Ẹni tó bá gbé ìwé yẹn mì, yóò gún un."

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n tẹ́ aṣọ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí àpẹẹrẹ àpò ká, wọ́n gé e, wọ́n tún fa òmíràn. Mo wo àpẹẹrẹ náà. Bébà líle funfun ni, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ roboto bí ìdí àpò àyà. Ìlàjì orúkọ ìwé mi wà lára rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá Oníwèé. Nínú àpò ègé aṣọ ni ìyá mi ti rí i, líle rẹ̀ ni wọ́n wò, wọn ò wo ohun tí wọ́n kọ sí i. Títí di ìgbà náà, mo ti ń rò pé n óò kàn dá káàdì náà padà ní bòókẹ́lẹ́ ni. Mo dúró tí ẹ̀rọ ìránṣọ títí oníbàárà náà fi lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá ègé aṣọ ilẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo mú káàdì náà lórí tábìlì ìyá mi, mo sì sọdá títì. Màmá Oníwèé nìkan ló wà nínú ilé ìkàwé. Wọ́n ti tú gèlè wọn, wọ́n ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń dá a padà. Pẹpẹ kẹta ni wọ́n wà, pẹpẹ méjìdínlógún ló sì wà níbẹ̀.

"Màmá," ni mo wí, "ẹ má wá a mọ́."

Mo lọ fà á yọ lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Wọ́n gbà á, wọ́n fi ìdí ìró wọn nu eruku rẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀. Wọ́n béèrè pé, "Káàdì rẹ̀ ńkọ́?" Mo fún wọn. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n fi èyí gé?"

"Àpò yúnífọ́ọ̀mù, mà."

Mo ń retí ìgbájú. Kò wá. "Ohun tí o sọ fún mi yìí, mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi mọ̀ pé n kò jí i. Ọ̀gá ni kí o lọ sọ fún."

"Màmá, ẹ ẹ̀ lè bá mi sọ ọ́?"

"Bí èmi bá sọ ọ́, Bọ́lá, ẹnu olè ló ti jáde."

Mo sọ fún ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Wọn ò nà mí. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí yúnífọ́ọ̀mù sì pọ̀ nílẹ̀, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú Ọ̀gá. Ó gbọ́ mi tán, ó wo Màmá Oníwèé, ó tún wò mí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, sà."

Ìyá mi kò jẹ́ kó tún béèrè. Wọ́n mú yúnífọ́ọ̀mù kan jáde nínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gan-an, wọ́n sì gbé káàdì náà lé àpò àyà. Ó bá a mu régí. "Mẹ́rìnlá irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, Ọ̀gá. Bí Ìyá Dúpẹ́ ló bá gbé ìwé náà, ta ló ń bá wọn rán àpò?"

Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ọmọdé ló gbé ìwé náà pamọ́, àti pé wọ́n ti rí i. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Oníwèé nínú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti sọ fún Adó. Wọ́n ti mú ẹlòmíràn ṣe olórí àkójọ. Ìdó ló ti wá. Lánàá ni lẹ́tà rẹ̀ jáde."

"Kò burú," ni Màmá Oníwèé wí. Wọ́n lọ fọ ọwọ́, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sì jókòó láti kọ káàdì mìíràn fún ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa nílò káàdì mọ́. Ibi tí wọ́n wà yẹn náà ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò lé mi. Ìwé náà lọ sí Ìdó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ kan níbẹ̀ ti fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ dì í kó má bàa gbó.

Àwọn ènìyàn tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń sọ pé ọmọdé ni mí nígbà náà, kí n dárí ji ara mi. Wọ́n ń fẹ́ tù mí nínú ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe gbígbé tí mo gbé ìwé pamọ́ ló gba ipò lọ́wọ́ Màmá Oníwèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì ló gbà á, ọjọ́ tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀ lórí títì.

Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́tàlá kí ọ̀fun mi tó kọṣẹ́, tí dókítà fi ní kí n fẹ̀yìn tì. Ní ọdún kan, mo fi ẹ̀sùn kan ọmọ kan ní iwájú kíláàsì pé ó wo ìwé ẹnì kejì rẹ̀ nígbà ìdánwò. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, mo rí i dájú pé mo ṣì í. Mo ní n óò sọ fún un lọ́la. Mo ní ẹ jẹ́ kí ìdánwò parí ná. Mo ní olùkọ́ kò gbọdọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọmọ. Sáà kan gbáko kọjá kí n tó pè é síwájú kíláàsì kan náà láti tọrọ àforíjì, ó sì ti jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn jálẹ̀ gbogbo sáà náà. Àgbàlagbà ni mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ní ọmọ tèmi. Bí èmi àti Bọ́lá ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó sọ òótọ́ níwájú Ọ̀gá, bá dúró ti ara wa, òun ló fi orí ga jù mí lọ.