Ẹṣin Pupa Dulcie Varcoe

Ọjọ́ tí Dulcie Varcoe kọ́kọ́ ń bọ̀ wá sílé ọkọ ní oko àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Wirrabilla, ó wakọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, kò sì mọ̀. Merv ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un lórí fóònù pé kó yà sápá òsì níbi tí igi gbígbẹ kan wà. Igi gbígbẹ ló sì kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa láti ìlú títí dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Dulcie lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, títí epo fi tán nínú ọkọ̀. Ló bá jókòó sí ibi òjìji ọkọ̀ náà, ó ń sunkún, ó sì ń bú Merv. Bàbá mi ló bá a níbẹ̀. Òun ló ń gbé lẹ́tà kiri àwọn oko àgùntàn nígbà náà, kí iṣẹ́ ọ̀hún tó bọ́ sọ́wọ́ èmi Gil. Ó fún un lómi mu, ó sì mú un délé.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọkọ rẹ̀ sọ ni pé, "Merv, ilé tó o kọ́ síbí yìí, ṣé o ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i ni?"

Merv ní gbogbo ẹni tóun fẹ́ràn ló mọ̀nà.

"Èmi ńkọ́?" ni Dulcie wí.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ilé máa ń jìnnà sí títì gan-an, nítorí náà oníkálukú ló ní àmì tó fi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ossie Hocking, aládùúgbò wọn, gbé fíríìjì àtijọ́ kọ́ sórí òpó. Ìdílé Tregenza ri ìrù bàálù tó já lulẹ̀ sínú iyanrìn. Merv nìkan ni kò ní nǹkan kan. Dulcie lọ bá ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìrẹ́run àgùntàn ṣe, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀. Nígbà tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ó wá táǹkì omi kan tó ti jò, ó gé e, ó fi páìpù ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin fún un, ó sì kùn ún ní pupa, torí pé ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára èyí tí wọ́n fi kun katakata nìyẹn. Ẹṣin ló ṣe. Bàbá rẹ̀ máa ń tọ́jú ẹṣin eré ìje, ó sì wù ú kí ẹṣin wà lẹ́nu ọ̀nà òun. Ó fi ọ̀dà funfun kọ Wirrabilla sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ossie ló kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀. Ó sọ kalẹ̀, ó sì yí nǹkan náà po.

"Dulcie, ẹlẹ́dẹ̀ yìí mà dáa o."

"Ẹṣin ni."

"Ẹṣin? Imú rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe imú rẹ̀?"

"Ó dà bíi pé ó sáré lọ kọlu ògiri ni."

"Ossie, máa lọ sílé rẹ. Lọ tọ́jú fíríìjì tó o so rọ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Ossie, kò ṣeé kó mọ́. Kó tó di ìgbà ìrẹ́run tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó tún ń pe ibẹ̀ ní Wirrabilla mọ́ ládùúgbò wa. Ẹlẹ́dẹ̀ Pupa ni gbogbo wa ń pè é. "Tó o bá dé Ẹlẹ́dẹ̀ Pupa, o ti ń sún mọ́ ilé epo nìyẹn." Àwọn awakọ̀ tó ń kó àgùntàn ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ò tiẹ̀ mọ orúkọ míì.

Ó dun Dulcie gan-an. Ẹni tó bá pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀, tíì onítọ̀hún parí nìyẹn. Èmi fúnra mi, tí mo bá ti gbé lẹ́tà wọlé, ẹṣin ni mò ń pè é, torí kéèkì rẹ̀ dùn. Merv kì í dá sí i. Ìgbà kan ṣoṣo ló lanu sọ pé bóyá kó fa imú rẹ̀ gùn díẹ̀ sí i. Òun náà ló dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọdún ń gorí ọdún. Oòrùn jẹ orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà tán. Dulcie ń tún ọ̀dà pupa rẹ̀ kùn déédéé, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ náà mọ́. Mo ní kó kọ ọ́, ó dá mi lóhùn pé, "Gil, ta ni ò mọ ẹṣin mi?"

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, Merv lọ gbé páànù kan lẹ́yìn ahéré. Ejò wà lábẹ́ rẹ̀, irú aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn tí kì í fi ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó bù ú ṣán lẹ́sẹ̀. Dulcie gbọ́ igbe rẹ̀, ó sáré lọ, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà láti ọmọ ìka títí dé itan, ó ní kò gbọdọ̀ mira. Ó fi aṣọ ibùsùn ṣe ìbòòji fún un. Lẹ́yìn náà ló pe dókítà lórí fóònù.

Bàálù tí àwọn dókítà fi ń wá gbé aláìsàn láwọn oko ti gbé ẹlòmíràn lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, nọ́ọ̀sì tuntun tó wà ní ìlú ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò lọ́wọ́, ó sì ti gbéra. Dulcie jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀nà bóyá á rí eruku ọkọ̀. Kò rí nǹkan kan. Ìpéǹpéjú Merv bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ń jáde nínú erìgì rẹ̀.

"Dul," ló wí, "mo rí ẹ ní méjì."

"Ìyẹn dáa. Àwa méjèèjì á jọ tọ́jú ẹ."

Ìgbà tí ẹ̀rù bà á gan-an ló sáré lọ tan rédíò inú ọkọ̀, èyí tí gbogbo àdúgbò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà lèmi wà pẹ̀lú ẹrù lẹ́tà mi, ibi tí mo wà jìnnà sí wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣáájú.

"Ẹni tó bá ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, Leena ni mí, nọ́ọ̀sì. Mò ń wá Wirrabilla. Ó dà bíi pé mo ti sọnù."

"Dulcie rèé. Ọkọ mi ni ejò bù jẹ. Ibo lẹ wà?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Iyanrìn ni mò ń rí."

"Ṣé ẹ ti rí ẹṣin pupa kan lápá òsì?"

"Ẹṣin kẹ̀? Rárá o."

"Ẹṣin irin ni. Ó tóbi. Kò sẹ́ni tí kì í rí i."

"Ìyá, ojú mi ò kúrò lára ọ̀nà. Mi ò rí ẹṣin kankan. Ẹlẹ́dẹ̀ pupa kan ni mo rí, mo sì ti kọjá rẹ̀ ó ti ṣe díẹ̀."

Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Ossie ń gbọ́, àwọn Tregenza ń gbọ́. Mo ti gbé ẹnu sí rédíò tèmi láti sọ̀rọ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn Dulcie, kò sì gbọ̀n rárá.

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Ẹ padà lọ síbẹ̀. Ẹ yà níbi ẹlẹ́dẹ̀ náà, kẹ́ ẹ máa bọ̀ tààrà. Ẹ má ṣe dúró níbi kankan."

"Mo ti ń yí padà, Ìyá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lórí rédíò náà.

Leena dé, ó bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì gún Merv lábẹ́rẹ́. Bàálù balẹ̀ lẹ́yìn ilé kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá. Dókítà tó bá bàálù wá ló sọ fún Dulcie pé abẹ́rẹ́ náà bá a lásìkò. Kò sáàyè fún Dulcie nínú bàálù. Nígbà tí mo fi dé, òun àti nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Dulcie ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Gil," ló wí, "ṣé Ossie gbọ́?"

"Ó gbọ́, Àǹtí."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ọkọ yín lọ, òun á máa fún àwọn àgùntàn yín lómi."

Ossie sì ṣe bẹ́ẹ̀, títí tí wọ́n fi padà dé. Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ rárá.

Èmi ni mo gbé wọn wálé láti ibi tí bọ́ọ̀sì já wọn sí. Merv ti rù, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Dulcie gbé ẹran àgùntàn díndín àti ànàmọ́ síwájú rẹ̀, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kò jókòó.

"Kí lò ń wò?" ni Merv bi í.

"Ìwọ ni. Jẹun."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kó bu òmíràn wá.